Igi Kérésì Àkọ́kọ́ Nínú Ilé Rẹ

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà? Ara wa le níbí. Ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn, ètè gbogbo wa ti ń là.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o fẹ́ yá owó kí o lè ra igi Kérésì tó ga tó ọkọ rẹ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lára nínú ṣọ́ọ̀bù. Jọ̀wọ́ ọmọ mi, má yá owó nítorí igi. Owó ilé yín ń bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. N kò sọ pé kí ilé rẹ má dùn ún wò o. Ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe lábẹ́ òrùlé tiyín ni, mo fẹ́ kó rẹwà ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe fẹ́ lọ.

Ra èyí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Gbé e ka orí àpótí, fi aṣọ bo àpótí náà dé ilẹ̀. Àárọ̀ ni kí o lọ sí Balógun, má sì ra ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Bí o bá tú u jáde nínú páálí, yóò rí bí adìẹ tí òjò pa. Má jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́. Jókòó tì í, kí o máa ya ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, ọ̀kan sókè, títí o kò fi ní rí igi àárín mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún èyí, wọ́n á wá máa ra bọ́ọ̀lù dídán kún bọ́ọ̀lù dídán láti fi dí ihò.

Iná ni kí o náwó lé. Ra okùn méjì tó ní iná 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, LED ni kó jẹ́, torí kì í gbóná, kì í sì jẹ iná púpọ̀. Èyí tó pọ́n bí iná fìtílà ni kí o mú. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, wọ inú lọ, kí o tó mú un jáde sí etí ẹ̀ka. Bí ẹ bá ń lọ sùn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àwọ̀, méjì péré. Ìwọ náà rí i nínú aṣọ ẹbí: ẹni tó ra ojúlówó àti ẹni tó ra ayédèrú, bí wọ́n bá jókòó pọ̀, àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àwọ̀ iyùn àti àwọ̀ wúrà ni mo yàn fún ọ, torí mo tọ́jú àgékù aṣọ òkè ìdána rẹ, gbogbo rẹ̀ pátá. Ká ọ̀rá omi jọ, ṣe é roboto bí ọsàn kékeré, fi àgékù wé e, fi òwú so ó lọ́rùn kí etí aṣọ náà na sókè bí gèlè. Mo ti ṣe mẹ́jọ, ìwọ ṣe ìyókù. Kó àwọn ńlá sínú, so àwọn kékeré sókè. Gèlè ségo mi àtijọ́ wà pẹ̀lú wọn nínú báàgì tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ, gé e tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ríbọ́ọ̀nù. Má fi òwú funfun ṣe yìnyín o, eruku ọyẹ́ á bò ó, iná sì tètè ń ràn án.

O ní ará ilé yín kan sọ pé aṣọ òkè kò bá Kérésì mu. Ṣé o rántí ìgbà tí ilé ìwé yín kó yín lọ sí Àgbádárìgì? Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere níbẹ̀ lọ́dún 1842, Àgbádárìgì náà sì ni àwọn míṣọ́nnárì Freeman àti Townsend ti ṣe Kérésì ọdún yẹn. Igi ilẹ̀ wa ni igi Àgíà náà, ó wà níbẹ̀ títí ó fi wó ní 1959. Fi aṣọ òkè rẹ sára igi rẹ, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Ọdún tí wọn ò san owó oṣù bàbá rẹ fún oṣù márùn-ún, ẹ̀ka igi páìnì ni wọ́n gé wálé. Wọ́n rì í mọ́ iyanrìn nínú ike ọ̀dà, wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì mi gé ìràwọ̀ lára agolo mílíìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ìka kan án, ẹ̀jẹ̀ jáde, síbẹ̀ kò gbà kí ẹlòmíràn gbé e sókè igi. Ìwọ ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Abẹ́ igi yẹn lo sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà, a ò lè gbé ọ kúrò.

Dẹ́rẹ́bà kan láti Ìwó Road yóò gbé báàgì náà wá fún ọ ní Ọjọ́ọ̀ta lọ́jọ́ Sátidé. Ìràwọ̀ náà wà nísàlẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn wé e. Etí rẹ̀ ṣì mú, rọra tú u.

Ìyá rẹ