Àkànní, Kí O Tó Sanwó Jíìpù Náà

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta le. O ní ọ̀rọ̀ jíìpù tí ẹ fẹ́ rà ti kù sáàárín Toyota Highlander àti Lexus RX, pé ọkàn rẹ ń fà sí Lexus ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń bà ọ́ lẹ́rù. O ṣeun tí o bi mí léèrè kí o tó sanwó, nítorí ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tán kì í wá ìmọ̀ràn mọ́, ẹni tí yóò bá a yin ọkọ̀ ló ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Toyota ló dá Lexus sílẹ̀ ní 1989, bí Honda ti dá Acura sílẹ̀ ní 1986, tí Nissan náà sì ní Infiniti tirẹ̀. Nígbà tí Lexus gbé RX àkọ́kọ́ jáde ní 1998, ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nígbà tí Highlander náà yóò fi dé lẹ́yìn rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ Camry yìí náà ni wọ́n gbé e kà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2008, bí o bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì Highlander onísìlíńdà mẹ́fà, tí o sì ṣí ti RX 350, ẹ́ńjìnnì onílítà 3.5 kan náà ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ pé ẹ́ńjìnnì ni o ń torí rẹ̀ san owó tó lé yẹn, rẹ́rìn-ín músẹ́ kí o sì máa wo ẹnu rẹ̀.

N kò ní torí èyí purọ́ fún ọ pé kò sí ohun tí àfikún owó náà ń rà. Jókòó sínú RX, kí o ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́: ó máa ń wọlé bí ẹni gbé ìrọ̀rí lé bẹ́ẹ̀dì, ariwo ìta á sì jìnnà sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gíláàsì ibẹ̀ jẹ́ awẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ láti pa ariwo, lẹ́dà rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́, bí ó sì ṣe ń gba orí kòtò kọjá kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn dun àgbàlagbà. Highlander dákẹ́ níwọ̀nba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ yóò ṣì máa gbọ́ táyà lórí títì. Ìgbádùn gidi ni ti Lexus. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni ta ni yóò máa gbádùn rẹ̀, níbo ni onítọ̀hún yóò sì jókòó sí.

Èèyàn márùn-ún ni RX ń gbà. Highlander ń gba méje tàbí mẹ́jọ, nítorí ó ní ìlà ìjókòó kẹta. Bí o bá to ìjókòó ọmọdé mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn RX, ìka rẹ kò ní ráyè wọ àárín wọn láti de bẹ́líìtì. Ìwọ yóò máa fi eékún kan tẹ ìjókòó, ọmọ á máa ké, aago á sì máa lọ. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni mo ń sọ yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá wá ní dandan Lexus ni, TX tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ló yẹ kí o máa wò, nítorí ìlà mẹ́ta ni tirẹ̀, Grand Highlander sì ni ẹnì kejì rẹ̀ nílé Toyota.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò yẹ kó pẹ́ wa. Búrèkì tó ń dá ara rẹ̀ mú nígbà tí ewu bá wà níwájú ti wà nínú Highlander, àti nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn, láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, nítorí náà kì í ṣe torí rẹ̀ ni wàá fi ra Lexus.

Àtúnṣe ni ká sọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti gbọgbẹ́. O ti kéré jù láti rántí jíìpù olówó ńlá tí mo rà ní àlòkù. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo rà á nítorí owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ débi tí ọwọ́ mi fi tó o. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró dípò sípíríǹgì irin. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ti tẹ̀ sápá òsì bí ewúrẹ́ tó kúnlẹ̀ fẹ́ mu omi, nítorí rọ́bà tó di afẹ́fẹ́ náà mú ti sán. Ìgbà tí mo béèrè iye ẹ̀yà tuntun ni mo tó mọ̀ pé iye ọkọ̀ máa ń já wálẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n iye ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a já. Ó lé lóṣù méjì tó fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni ìyá rẹ fi ń rìn.

RX kò burú tó ìyẹn, mo gbà, owó rẹ̀ kì í sì í tètè já bíi ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yúróòpù. Síbẹ̀, kí o tó pinnu, béèrè iye táyà ńlá rẹ̀ kan, iná iwájú kan, àti owó ìnṣọ́ránsì ọdún kan, kí o sì fi wé ti Highlander. Wo irú epo tí ìwé ọkọ̀ ní kí o máa rà sí i pẹ̀lú: Honda Pilot ń lo epo lásán, ṣùgbọ́n ìwé Acura MDX, ọmọ ìyá rẹ̀, ní epo tó dára jù, tó sì wọ́n jù, ni kí wọ́n máa rà.

Nǹkan kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí nínú lẹ́tà rẹ, má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o mẹ́nu ba ọkọ̀ tí ọ̀gá rẹ ń gùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni o mẹ́nu ba ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó sí. Èmi ìbá ra Highlander tó ga jù nínú àwọn ìpele rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Platinum, tó ní lẹ́dà àti ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn awakọ̀, n ó sì tọ́jú owó tó bá ṣẹ́ kù.

Lọ wò wọ́n ní Sátidé, kó àwọn ọmọ àti ìjókòó wọn dání, kí o sì wa méjèèjì gba ojú ọ̀nà kan náà tí kò dára. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ni wọn yóò máa tì sí ìlà kẹta nígbàkígbà tí a bá wá kí yín, nítorí náà kí o jẹ́ kí òun fi orúnkún òun gòkè wò ó ná kí o tó fọwọ́ síwèé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.