Iṣẹ́ iná tó wà nínú ògiri kò lè polówó ara rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ń ṣe fúrídọ́ọ̀mù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gá á gbàdúrà, ẹbí á se oúnjẹ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á jókòó sílé pẹ̀lú píláyà àti tẹ́sítà, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́. Aṣọ tí télọ̀ rán, ìta gbangba ló ń rìn. Ẹni tó bá wù á béèrè ẹni tó rán an. Wáyà tí oníṣẹ́ iná fà, inú páìpù ló wà, bíríkìlà sì ti rẹ́ ògiri lé e lórí. Àfi kí ẹni tó fà á mú un jáde fúnra rẹ̀.

Fọ́tò la fi ń mú un jáde, ṣùgbọ́n gílóòbù tó ń tàn ni ọ̀pọ̀ ń yà, ìyẹn ò sì fi nǹkan kan hàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná, mẹ́rin ni kí ẹ yà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ibẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, páìpù àti wáyà lára ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, inú bọ́ọ̀dù bréékà kí ẹ tó dé e, kí wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) hàn kedere, lẹ́yìn náà, bó ṣe rí nígbà tí ẹ parí. Ojúmọmọ ni kí ẹ yà á, torí fíláàṣì kì í jẹ́ kí àwọ̀ wáyà hàn dáadáa. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ilé oníyàrá mẹ́ta. Wáyà 1.5 fún iná, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù." Onílé lè má mọ̀ pé bí wáyà ṣe nípọn tó ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ, ṣùgbọ́n ẹnjiníà àti agbaṣẹ́ṣe mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn sì ni iṣẹ́ ńlá ti ń wá.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbé fọ́tò síta. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ilé tàbí géètì hàn, torí olè náà ń wo fóònù. Ẹ má sì fi fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe tiyín láé. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní kí ẹ mú òun lọ wo ilé náà, orúkọ yín bà jẹ́ nìyẹn.

WhatsApp Status máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà kò tó. WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp ti oníṣòwò, ní katalọ́ọ̀gì, ibi tí ẹ lè to fọ́tò iṣẹ́ yín sí tí kì í parẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Iṣẹ́ mẹ́fà tó dáa tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Google Business Profile, ojú ewé tí Google fi ń fi oníṣẹ́ han ẹni tó ń wá a, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Google lè ní kí ẹ ya fídíò irinṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ yín kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù lè fi àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀ pamọ́, kó kàn dárúkọ àdúgbò tó ń ṣiṣẹ́ dé. Ẹ má to "ẹni tó mọ iná ṣe jù n'Íbàdàn" mọ́ orúkọ. Ó lòdì sí òfin wọn, wọ́n sì lè dá ojú ewé náà dúró. Ọjọ́ tí oníbàárà bá san owó tó kù, tínú rẹ̀ ṣì ń dùn, ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ohun tí ẹ ṣe fún un síbẹ̀. Bó bá di oṣù kejì, á ti gbàgbé.

Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan lára pátákó, tó ń jẹ́ òmíràn lórí WhatsApp, tí owó sì ń wọ àkáǹtì orúkọ kẹta, ẹ̀rù rẹ̀ á máa ba oníbàárà. Orúkọ kan ṣoṣo ni kó wà níbi gbogbo, títí dórí rìsíìtì.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè pa á. Bó bá tún pẹ́ sí i, ẹlòmíì lè gba nọ́ńbà náà. Ẹ sì tan ààbò onípele méjì ti WhatsApp, kí ẹ yan PIN olónọ́ńbà mẹ́fà. Kóòdù tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Olè tó bá gba WhatsApp yín á máa fi orúkọ yín béèrè owó wáyà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Ìwé-ẹ̀rí Trade Test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba) àti ti NEMSA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná) náà, ẹ gbà wọ́n, kí ẹ fi kún katalọ́ọ̀gì.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Ọmọ tó bá ku ọdún kan kó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó máa ya iṣẹ́ tó bá ti ṣe, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ ọ̀gá òun lòun ti ṣe é, kó sì dárúkọ yín. Ẹ kọ́ ọ kó máa lẹ ìwé pélébé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀dù bréékà: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, àti yàrá tí bréékà kọ̀ọ̀kan ń gbé iná fún. Bí iná ilé náà bá kú lẹ́yìn ọdún méjì, ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ ṣí.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ iná,
Ìbàdàn