Ẹ̀rọ Inú Òkun: Èwo Ló Ń Ṣiṣẹ́, Èwo Ló Ti Dákẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ń gbé sínú òkun láti mọ ìrìn ojú ọjọ́, iye ẹ̀rọ tí wọ́n kó lọ ni à ń gbọ́. A kì í gbọ́ iye tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí á máa bèèrè.

Ẹ wo ètò Argo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, tí nǹkan bí 4,000 ẹ̀rọ rẹ̀ wà káàkiri òkun ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa bá omi lọ ní ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó mítà 1,000. Bí ó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 10, yóò rì dé mítà 2,000, yóò tú òróró inú rẹ̀ sínú àpò rọ́bà kan kí ara rẹ̀ lè wú, kí omi sì gbé e sókè. Bí ó ti ń gòkè bọ̀ ni yóò máa wọn bí omi ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sì fi èsì ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú lágbami, kò sí ẹni tí yóò lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ iléeṣẹ́ OceanOPS, tí ó ń tọ́pa irú àwọn ẹ̀rọ inú òkun báyìí láti ìlú Brest ní ilẹ̀ Faransé, fi wú mi lórí. Wọ́n ní máàpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, tí ó ń fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan hàn, orílẹ̀-èdè tí ó ni ín, àti ìgbà tí ó fọhùn gbẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ apá òkun tí ẹ̀rọ ti ń tán, kí ọkọ̀ tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lè ju òmíràn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Argo pàápàá tún ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n bá fura sí sí, nítorí pé ẹ̀rọ lè fọhùn lásìkò kí ó sì máa parọ́: iyọ̀ tí ó ń kà á máa lọ sókè, ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì dúró sójú kan. Ní ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà dá àwọn ọkọ̀ ìwádìí padà sí èbúté, irú ìṣirò yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀ka iṣẹ́ tí ń jó rẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1997 ni Faransé, Brazil àti Amẹ́ríkà ti so àwọn ẹ̀rọ mọ́ ìdákọ̀ró nínú Òkun Àtìláńtíìkì, títí dé apá òkun ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea, lábẹ́ ètò PIRATA. Ẹja a máa kó jọ sábẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn apẹja a sì tọ̀ wọ́n lọ, wọn a so ọkọ̀ mọ́ ọn, wọn a sì bà á jẹ́. (N kò dá apẹja lẹ́bi tán, ta ni ó ṣàlàyé fún un?) Bẹ́ẹ̀, inú òkun yẹn ni ọ̀rinrin tí ó ń di òjò lórí oko wa ní Abẹ́òkúta ti ń wá, omi rẹ̀ tí ó máa ń tutù sì wà lára ohun tí ń mú kí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ odò Ògùn kàn ṣe irú máàpù bẹ́ẹ̀ fún wa, kí ará Láfẹ́nwá lè fi fóònù rẹ̀ wo ìgbà tí wọ́n wọn omi gbẹ̀yìn ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, láti ìdídò Òyán wá sí ìsàlẹ̀. Mo ti rí òpó ìwọ̀n omi kan létí odò tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí débi pé nọ́ńbà ara rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, kò sì sí ibi tí ará ìlú lè yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń kà á sí ibùdó tí ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, Olóòtú, bí àwọn aláṣẹ bá tún pe àwọn oníròyìn jọ lórí àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi wọ́n: ibùdó mélòó ni ó fi èsì ránṣẹ́ lánàá, àwọn wo ni kò sì fọhùn?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbarà, Abẹ́òkúta.