Bí O Bá Ń Lọ Gun Òkè Acropolis

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gba iṣẹ́ tí o rán sí mi pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Áténì nínú oṣù kẹjọ, àti pé ẹ ó gun òkè Acropolis, òkè àpáta tí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà lórí rẹ̀. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ rò. Nígbà tí ìjọ wa kó wa lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì láti tọ ipa ẹsẹ̀ Pọ́ọ̀lù, bàtà pẹlẹbẹ tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀ gun òkè náà. Òkúta mábù tó wà ní ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Propylaia, àìmọye ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dán bí àwo tánganran, bí ilẹ̀ sì ti gbẹ tó lọ́jọ́ náà, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo ṣàdédé fi ìdí jókòó níwájú àlejò gbogbo ayé. Gèlè mi tú, orúnkún mi sì wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà kánfáàsì tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí o wọ̀. Bàtà onígìgísẹ̀ gogoro, wọn kò tilẹ̀ gbà á láyè níbẹ̀.

Má ṣe dé ibẹ̀ kí o tó máa wá tíkẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi wákàtí sí tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì jẹ́ kí àlejò ju 20,000 lọ lóòjọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójúlé ìjọba Gíríìsì gan-an, ni kí o ti rà á, nítorí àwọn alágbàtà máa ń bu owó lé e. Láti ọdún 2025, 30 yúrò ni. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni kí o mú. Oòrùn oṣù kẹjọ lọ́hùn-ún kò jọ ti Ìbàdàn, níbi tí òjò àti ìkùukùu ti máa ń bá wa bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí igi tó ṣíji bo ènìyàn lórí òkè náà. Ní oṣù keje ọdún 2023, ooru mú débi pé wọ́n ní láti máa ti ibẹ̀ pa lọ́sàn-án. Nítorí náà, má sọ fún mi pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ́: dé fìlà, kí o sì gbé ìgò omi dání. Fi àpò ńlá sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀pọ̀ èrò ń rọ́ lọ sí ti ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ òkè náà, ló tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé ẹ̀gbẹ́ gbàgede eré àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Dionysos ni yóò gbà mú ọ gòkè díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí o bá dé iwájú Parthenon, tẹ́ńpìlì tó tóbi jù lórí òkè náà, má tíì yọ fóònù. Ọdún 447 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, nígbà tí Pericles wà lórí ọ̀rọ̀ ìlú, Iktinos àti Kallikrates sì ni ọ̀gá àwọn tó kọ́ ọ. Dúró ní igun rẹ̀ kan, lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wá fi ojú tọ etí àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ títí dé igun kejì. Wàá rí i pé àárín rẹ̀ yọ sókè ju igun méjèèjì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àwọn òpó náà wú díẹ̀ láàárín, wọ́n sì tẹ̀ sínú, kí gbogbo ilé náà lè tọ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó ń ṣamọ̀nà wa ló ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì ṣubú nígbà náà.

Àlàfo ńlá tó wà láàárín ilé náà kì í ṣe ti ogbó. Ní ọdún 1687, ẹ̀tù ìbọn ni àwọn Tọ́kì, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, kó sínú rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìlú Venice yìnbọn lù ú, tí gbogbo rẹ̀ sì bú gbàmù. Òkúta tó funfun báláú ni ti àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe. Ti àtijọ́ ti pọ́n bí oyin. Má fọwọ́ kan èyíkéyìí o, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ń fọn fèrè mọ́ ènìyàn bíi rẹfirí.

Bí o bá jáde, àpáta Áréópágù wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ibẹ̀ ni a ka orí kẹtàdínlógún Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sí, nípa pẹpẹ Ọlọ́run Àìmọ̀. Àtẹ̀gùn onírin ni kí o gbà, torí àpáta yẹn náà ń yọ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí oòrùn bá ti gun orí, ẹ wọ mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí sísàlẹ̀ òkè náà ní ọdún 2009. Àwọn obìnrin olókùúta mẹ́fà tí ẹ óò rí lókè lára tẹ́ńpìlì Erechtheion, tí wọ́n fi orí ru òrùlé bí ẹni ru agbọ̀n, àdàkọ lásán ni wọ́n. Márùn-ún lára àwọn ojúlówó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù náà, mo sì pẹ́ lẹ́yìn wọn, níbi tí irun dídì wọn ti já sí ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹfà wà nítòsí rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní British Museum, níbi tí orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ náà wà. Lord Elgin ló mú kí wọ́n gbé e lọ, nígbà tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tọ́kì. Bí o bá ti padà dé, lọ wò ó, kí o yà á fún mi láti ẹ̀yìn, kí n lè rí irun tirẹ̀ náà.

Èmi ni ìyá rẹ.