Kí o tó wọlé sí Kétu

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Lẹ́nu àbúrò rẹ ni mo ti gbọ́ pé oṣù kẹta lo ń bọ̀, ìgbà tí páànù orí ilé ń dún nínú oòrùn. Ó tún ní o fẹ́ yọ ẹ̀rọ ínsúlínì, èyí tó ń fún ọ lóògùn àtọ̀gbẹ, lọ́jọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí àwọn ìyá àgbà má baà bi ọ́ pé kí ló so mọ́ ìbàdí rẹ. Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́! Ta ló ń bá ọ ra oògùn nínú wọn?

Oògùn inú ẹ̀rọ yẹn kì í pẹ́ lára. Bí o bá yọ ọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ṣúgà á gòkè, èébì á dé. Èébì yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ọjọ́ tí a gbé ọ lọ sílé ìwòsàn, èémí rẹ ń rùn bí èso tó ti rà.

Bàbá rẹ ti kun yàrá rẹ ní àwọ̀ ewé, má bínú sí i. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Má kó ínsúlínì sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ó lè dì; èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́. Láti Kútọnu, ọkọ̀ á máa dúró kó èrò ní Sákété àti Pobè, má fi àpò rẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí oògùn inú ẹ̀rọ bá gbóná kọjá ìwọ̀n 37°C, agbára rẹ̀ á lọ, ó sì lè ṣì mọ́ kedere lójú. Tí ṣúgà bá ń gòkè láìnídìí, dà á nù, fi tuntun sí i, pààrọ̀ róbà rẹ̀ náà. Mú abẹ́rẹ́ àti ínsúlínì tó ń pẹ́ lára dání.

Iná ń lọ bó ṣe wù ú níbí. Mo ti ki ìkòkò kékeré bọ ńlá, mo da yanrìn tútù sáàárín wọn, mo fi aṣọ tútù bò ó. Kò tó fìríjì, ṣùgbọ́n ó tutù ju yàrá lọ.

Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìfarapamọ́. Ọgbẹ́ inú ni mo ń pe àtọ̀gbẹ rẹ létí àwọn ará ilé, kí wọ́n má baà ní o ò ní rí ọkọ. Mo ti sọ òtítọ́ fún wọn báyìí. Èébì yẹn ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹnu wọn.

Télọ̀ á rán àpò sí abẹ́ bùbá rẹ kí ẹ̀rọ náà má rí oòrùn. Fi ìwọ̀n ìbàdí rẹ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ ọjà, ó ti gba owó.

Ìyá rẹ