Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ: ẹ kọ́ àwa tí a ń gbẹ̀bí ná

Sí Olóòtú,

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò lè ka iye ibi ọmọ tí mo ti dì sínú ọ̀rá dúdú fún ìyá ọkọ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè lọ rì í mọ́lẹ̀ ní agbolé wọn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ tàbí dókítà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìwọ́ àti ibi ọmọ wúlò fún ohunkóhun. Tọkọtaya kan ni ó kọ́kọ́ bi mí léèrè rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu mi sì wọ́lẹ̀.

Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 4, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. AS ni bàbá, AS ni ìyá, wọn kò sì mọ̀ títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Nígbà tí oyún èkejì wọ oṣù keje, ẹnìkan fún wọn ní ìwé pélébé ilé iṣẹ́ kan tó ń gba owó láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ pamọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà yóò jẹ́ ààbò fún ọmọ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àìsàn lóríṣìíríṣìí, fòníkú-fọ̀ladìde sì wà lára àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀. Wọ́n mú ìwé náà lọ bá nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti forúkọ oyún sílẹ̀. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra, nítorí pé ta ni ó mọ ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ṣe. Dókítà ibẹ̀ ní òun kò ráyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n wá bá gbẹ̀yìn, nítorí pé a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà: "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ̀bí pẹ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n kọ síbí yìí?" Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, mo sì lọ bá dókítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àrùn ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí mo lọ kà fúnra mi, yà mí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ti ń ṣẹ̀ wá, irú èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun. Ní ọdún 1988, ní ilé ìwòsàn Saint-Louis nílùú Paris, dókítà Eliane Gluckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọbìnrin tuntun kan tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ Amẹ́ríkà, tí àrùn àbímọ́ni kan ti ba mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ jẹ́, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lò ó fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àti fún àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìwọ́ ni wọ́n máa ń gún iṣan rẹ̀ tí wọn a fi fa ẹ̀jẹ̀ náà sínú àpò; kò dun ìyá, kò dun ọmọ. Wọn a sì gbé e sínú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 196 ní ìsàlẹ̀ òdo.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan pẹ̀lú ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Seun Adebiyi, agbẹjọ́rò tí a bí ní Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kọlù ní 2009. Kò rí ẹni tí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, nítorí pé àwa aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú ìwé àwọn tó fẹ́ fi tiwọn tọrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí abiyamọ ọmọ Nàìjíríà kan fi sílẹ̀ ní ọ̀fẹ́, láìmọ ẹni tí yóò lò ó, ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, àwọn ọ̀rá dúdú mi ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n ìwé pélébé yẹn ṣi àwọn tọkọtaya wọ̀nyí lọ́nà, èmi náà ì bá sì ti tì wọ́n síbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé inú dídùn nìkan ni mo fi dá wọn lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ SS, SS ni òun náà. Bí a bá dá a padà sí ara ọmọ yẹn, àrùn náà ni a tún gbé fún un. Ó sì ṣeé ṣe kí ohun tó ń di jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Ẹni tó lè jàǹfààní nínú ọ̀rọ̀ ti ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọmọ inú oyún. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ní àǹfààní 1 nínú 4 pé ara wọn yóò bára mu pátápátá. Ọmọ tí AS àti AS bá bí ní àǹfààní 3 nínú 4 pé kò ní jẹ́ SS. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀ mọ́ ara wọn, 3 nínú 16 ni, kò tó 1 nínú 5, síbẹ̀ kì í ṣe òfo. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún ní Amẹ́ríkà kò gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti máa sanwó fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ara wọn pamọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀gbọ́n bá ti ní irú àrùn yìí ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń tajà sọ òtítọ́ tó ti wọ́, nọ́ọ̀sì sì lé wọn padà nídìí ohun tó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Apá kan tún wà tó jẹ́ ti àwa agbẹ̀bí gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú 1 sí 3 kí a tó di ìwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ibi ọmọ lè padà sí ara ọmọ, nítorí pé ó ń fún un ní èròjà irin tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè gbẹ. Bí a bá dúró bẹ́ẹ̀, èyí tí yóò wọ inú àpò yóò dín kù, àpò tí kò bá sì kún dáadáa lè má tó fún ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà. Ẹ wá fojú inú wo ọjọ́ tí aṣojú ilé iṣẹ́ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, tó ń wo aago. Agbẹ̀bí tí a kò kọ́ ní nǹkan kan yóò gé ìwọ́ ní kíá láti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èyí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ fún un pé ti ọmọ ni ó kọ́kọ́ kan òun, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kí ó gbà.

N kò fi nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòògùn owó lójoojúmọ́, ẹni tó bá ní kí a gbé ẹ̀jẹ̀ ìkókó fún òun gbọ́dọ̀ ṣe àlàyé tó jinlẹ̀, ìyá tó bá kọ̀ kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìyá kọ̀ lẹ́yìn àlàyé, ọ̀tọ̀ sì ni kí a fi ẹ̀rù dí àìmọ̀ tiwa. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní orílẹ̀-èdè mìíràn fi hàn pé kì í ṣe àwa nìkan ni a kò mọ̀ tó.

Àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kì í tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa gbà láìjókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo rọ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ láti ya àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí: ta ni ẹ̀jẹ̀ náà lè wò, ta ni kò lè wò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín báńkì ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí gbogbo ayé ń jẹ nínú rẹ̀ àti ti aládàáni, àti ìgbà tó yẹ kí a di ìwọ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń tà á ni yóò ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa: láti ọdún 2011 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin ti fi mùdùnmúdùn eegun ọmọ ìyá tọ́jú ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ní ti àwọn tọkọtaya mi, oyún náà kò pé oṣù kí ìyàwó tó bí. Ìyá ọkọ ti rì ibi ọmọ sẹ́yìn ilé ní Ìbarà kí dókítà tó fún mi lésì. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé AS ni ọmọ náà. Bí ara rẹ̀ bá bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, wọ́n ṣì lè gba mùdùnmúdùn lára rẹ̀ bó bá dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ fún un lóògùn oorun, wọn yóò sì gún egungun ìbàdí rẹ̀. Wọ́n ń tu owó àyẹ̀wò ìbáramu jọ báyìí.

Èmi ni,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.