Ẹ wádìí ohun tó pa tọ́bò kí ẹ tó ra òmíràn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, pàápàá Hiace oní-díísù, Sprinter àti Passat 1.8T. Bí ọkọ̀ bá ti ń rú èéfín búlúù, tí kò sì fà mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún ọlọ́kọ̀ ni pé kó lọ ra tọ́bò tokunbo ní Ládípò. Bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn, tọ́bò tí wọ́n tú dànù kò ní àrùn kankan.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ yọ rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ tọ́bò, kí ẹ fi ìka mú orí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má fòyà: orí ọ́ìlì ló ti ń yí, àyè yẹn gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó burú ni kó máa wọlé kó máa jáde. Nǹkan bíi 0.1 mm ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìka kì í sáábà mọ̀ ọ́n. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń ha ara ilé rẹ̀, tàbí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, kátíríìjì, ìyẹn àárín tọ́bò tó gbé ṣáàfù àti abẹ̀bẹ̀, ti kú nìyẹn.

Bí ṣáàfù bá dúró dáadáa tí ọ́ìlì sì ń jáde, páìpù tí ọ́ìlì fi ń padà sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yẹ̀ wò, àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Kò sí rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú tọ́bò. Òrùka irin tín-ń-tín àti agbára afẹ́fẹ́ ló ń dá a dúró. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, ẹ̀gbẹ́ òrùka ni ọ́ìlì yóò gbà jáde. Ẹni tó pààrọ̀ tọ́bò láìla ọ̀nà yẹn, èéfín kan náà ni yóò tún bá.

Ti díísù tún yàtọ̀. Èédú èéfín lè mú àwọn ewé irin kéékèèké tó ń darí èéfín ní apá sàláńsà tọ́bò há. Fífọ̀ ni wọ́n nílò. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan síkúrúù tí wọ́n fi ṣètò wọn o.

Bí kátíríìjì bá ti kú lóòótọ́, ẹ má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ búṣì tó gbé ṣáàfù lẹ́bàá títì. Ṣáàfù yìí ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ti ọkọ̀ kékeré lè kọjá 200,000. Láìsí ẹ̀rọ tó ń dọ́gba ìwọ̀n rẹ̀, búṣì tuntun kò ní pẹ́ jẹ. Kátíríìjì tuntun tí wọ́n ti dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ fi sínú ilé àtijọ́, bí ilé náà kò bá ha tí kò sì sán já síta. Bí owó rẹ̀ bá ti ju ìdajì owó tọ́bò tuntun lọ, èmi yóò ra odindi. Tokunbo ni mo fi ṣe ìkẹyìn, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu.

Ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Nínú Passat 1.8T, ìdọ̀tí ọ́ìlì tó ti ki ló máa ń dí asẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ebi ọ́ìlì á sì pa tọ́bò. Ẹ tú ìsàlẹ̀ náà, ẹ fọ asẹ́. Ẹ ra páìpù ọ́ìlì tuntun, nítorí èédú tó gan mọ́ inú ti àtijọ́ kì í fọ̀ tán. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì. Èérún rẹ̀ á wọlé lọ dí i. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti fọ́, ẹ yọ intercooler, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò jáde tutù, ẹ fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tó bá kù síbẹ̀ lè mú ẹ́ńjìnnì díísù sáré fúnra rẹ̀, tí ẹ bá sì pa kọ́kọ́rọ́, kò ní gbọ́.

Kí ẹ tó de tọ́bò náà, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ gé epo, kí ẹ ta sítáàtà fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ni pé kí wọ́n máa kó tọ́bò àtijọ́ fún ọlọ́kọ̀, kí wọ́n sì fi ohun tó pa á hàn án, kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì kan, Mushin, Èkó